Wọ́n gún ewúrẹ́ mi lábẹ́rẹ́ kata, síbẹ̀ kata pa wọ́n

Ìyá Ẹlẹ́ran (Ìsẹ́yìn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin ọlọ́sìn. Ẹ̀lùbọ́ ni mò ń tà, àmọ́ ewúrẹ́ ni mo fi ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Ewúrẹ́ ilé wa yìí náà ni, èyí tí kò ga, kì í ṣe ti òkè ọya. Láàárọ̀ mo máa ń da èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á gba ìta lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wọlé.

Lọ́yẹ́ tó kọjá, kata, àrùn tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn, wọ àdúgbò wa. Ilé tó kọjú sí tiwa ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ pé ẹran ti ń kú níbẹ̀ ni mo ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó máa ń gún ẹran lábẹ́rẹ́ kiri. Ọ̀sán gangan ló gun ọ̀kadà dé, ó sì yọ ìgò oògùn látinú àpò ṣòkòtò. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló fi gún gbogbo wọn, látorí ìyá àgbà wọn dórí ọmọ tó ṣì ń mu ọmú. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí ikun fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà nímú wọn. Ipin dí wọn lójú, ètè wọn wú, ẹnu wọn yọ egbò, òórùn rẹ̀ le débi pé èèyàn ò lè sún mọ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n ń mí gúlegúle. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló kú. Ìyá àgbà yẹn, tí kata ti mú rí kó tó dé ọwọ́ mi, kò tilẹ̀ wúkọ́.

Ní báyìí, gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé abẹ́rẹ́ ló kó àìsàn bá ẹran. Ìyá ọkọ mi ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé abẹ́rẹ́ ẹran wọ agbolé mọ́. Mi ò rí ọ̀rọ̀ fi dá wọn lóhùn, torí ojú gbogbo wa ló ṣe, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á. Mo ti tún ra abo mẹ́ta lọ́jà. Méjì mìíràn wà lọ́wọ́ mi tí í ṣe àgbàsìn, ọ̀kan nínú wọn sì lóyún. Ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé. Ṣé lóòótọ́ ni abẹ́rẹ́ lè kó kata bá ẹran? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló pa tèmi? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Àgbò (Ìwó)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Àgbò Ìléyá ni èmi ń sìn, mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ti ewúrẹ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹran ọjà ni kí ẹ máa bẹ̀rù. Àwọn àgbò tí wọ́n ń kó wá látòkè ọya, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń mí síra wọn láti ìlú dé ìlú. Tí mo bá rà á, ẹ̀yìnkùlé lọ́tọ̀ ni mò ń so ó mọ́, abọ́ omi rẹ̀ lọ́tọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kó tó fojú kan tilé. Àwọn abo mẹ́ta tí ẹ rà yẹn, ṣé ẹ ti dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn àgbàsìn? Tí ẹ ò bá tíì dà wọ́n pọ̀, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Tí kata bá ti wọlé ní tiwa, abẹ́rẹ́ oxytet LA, oògùn apakòkòrò, la máa ń gún wọn. Àwọn kan máa ń yè é.

Dókítà Ẹran (Ṣakí)

Ìyá, ẹ kú àdánù o. Ọlọ́run á fi èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dí i fún yín.

Òkè-Ògùn níbí náà ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, ìtàn tí ẹ sọ yìí ò sì ṣàjèjì sí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín, torí bí ọ̀rọ̀ yẹn bá fìdí múlẹ̀ ládùúgbò, kò sí ìmọ̀ràn tó máa wúlò mọ́. Àjẹsára kata kì í kó kata bá ẹran. Lóòótọ́, kòkòrò inú rẹ̀ wà láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ agbára rẹ̀ di aláìlera kó tó dé inú ìgò. Ara ẹran á rí i, á bá a jà, á sì mọ bí yóò ṣe kojú kata gidi lọ́jọ́ tó bá dé.

Ẹ wá wo bí ọjọ́ ṣe tò tẹ̀ léra. Láti ìgbà tí kata bá ti wọ ẹran lára, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 4 sí 6 kí ara tó gbóná, kí ikun tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ẹran yín àti ẹran ilé iwájú, orí ààtàn kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn fi dé, ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú wọn ti kó o ná, ojú lásán ni kò tíì rí i. Àjẹsára ní tirẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ara ẹran tó gbára dì. Kata ti gbapò kó tó débẹ̀. Ohun tó mú kó dà bíi pé abẹ́rẹ́ ló fà á nìyẹn: wọ́n gún un lónìí, ó dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún, ta ni kò ní sọ pé abẹ́rẹ́ ni?

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ẹran. Tí ẹyọ kan bá ti kó kata tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, tí wọ́n tún fa abẹ́rẹ́ náà yọ tí wọ́n fi gún òmíràn, ọwọ́ èèyàn ti bá kata ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún ìyá ọkọ yín pé irọ́ gbáà ni wọ́n ń pa. Abẹ́rẹ́ tó ń lọ láti ara ẹran dé ara ẹran lè gbé àìsàn kiri. Ohun tó wà nínú ìgò ni kò lè dá a sílẹ̀.

Ohun tó sì wà nínú ìgò yẹn, mi ò rò pé nǹkan kan ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Àjẹsára kata máa ń wà ní gbígbẹ, bí ìyẹ̀fun tó dì mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò. Inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, ní ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, inú kúlà tó ní yìnyín ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi gbé e délé yín. Tí wọ́n bá ti fi omi pò ó báyìí, kò gbọdọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó lò ó tán, orí yìnyín náà ló sì gbọ́dọ̀ wà títí ẹran tó kẹ́yìn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, dídà ni, kò sí pé a ń gbé e lọ abúlé kejì. Àpò ṣòkòtò, lórí ọ̀kadà, lọ́sàn-án gangan! Omi lásán ló gún sí wọn lára.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé abẹ́rẹ́ wá, ẹ ní kó ṣí kúlà kí ẹ rí i. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń pò ó. Ọ̀pọ̀ ìgò náà kò ní afẹ́fẹ́ nínú, nítorí náà bí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ omi gún ìdérí rọ́bà yẹn, ìgò fúnra rẹ̀ ló máa fa omi wọlé fọ̀ọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ sírínjì. Tí kò bá fà á, afẹ́fẹ́ ti wọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò sì ní gbà kí wọ́n gún un fún ẹran mi. Nǹkan mìíràn tí mo máa ń rí ni àwọn tó ń fi Izal tàbí sípírítì fọ inú sírínjì kí wọ́n tó fa àjẹsára sí i. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa kòkòrò àìsàn á pa kòkòrò àjẹsára náà. Omi gbígbóná tó hó dáadáa ni kí wọ́n fi sè é, kí wọ́n jẹ́ kó tutù.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tí kò wúkọ́ yẹn wù mí gan-an, torí ẹ̀rí tó lágbára jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ nìyẹn. Ẹran tó bá ti la kata já, ó ṣọ̀wọ́n kí kata tún mú un. Ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Àjẹsára fẹ́ fún àwọn yòókù ní ohun tí ìyá àgbà yẹn ní, láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kú. Ẹ fi òun pàápàá ṣàlàyé fún ìyá ọkọ yín.

Ti ọmọ tó ṣì ń mu ọmú: bí ìyá rẹ̀ bá ti ní agbára yìí lára, omi ọmú tó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn ìbímọ ni yóò fi gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọmọ. Ó ń dáàbò bò ó fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò yẹn, bí ẹ bá gún ọmọ náà, agbára tó gbà lọ́dọ̀ ìyá á pa àjẹsára kó tó ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ jẹ́ kó tó nǹkan bí oṣù 4 kí ẹ tó gún un. Ọmọ tó bá kéré jù nígbà tí wọ́n bá ń gún tàgbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó má bàa di ìgbàgbé.

Bàbá Àgbò, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ ẹran ọjà, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Nípa oxytet, kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò kata fúnra rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí kata bá ti ba ara ẹran jẹ́, àwọn kòkòrò mìíràn máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àwọn ni oxytet ń bá jà. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yè é. Ó dára kí ẹ gún un, kí ẹ sì máa fún ẹran ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà torí ìgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n ẹ má fi dípò àjẹsára.

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé àjẹsára kata kì í ṣe ohun tí wọ́n kó wá látòkèèrè láti fi dán ẹran wa wò. Orílẹ̀-èdè wa níbí ni wọ́n ti mú kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é lọ́dún 1975. Nigeria 75/1 ni orúkọ rẹ̀ káàkiri ayé títí dòní. Olùwádìí kan, Adama Diallo, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di aláìlera, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́dún 1989. Kó tó dìgbà yẹn, àjẹsára rinderpest, ìyẹn àrùn burúkú tó ń pa màlúù, ni wọ́n ń gún fún ewúrẹ́, torí ìbátan ni àwọn àrùn méjèèjì. Àwọn olùwádìí ILCA, àjọ ìwádìí ẹran ọ̀sìn nílẹ̀ Áfíríkà, tó wà n'Ìbàdàn láàárín àwọn ọdún 1980 gún un fún ewúrẹ́ abúlé lápá ìhà wa yìí, wọ́n sì tún ń wẹ̀ wọ́n ní oògùn ìfọ̀n. Rinderpest ti kúrò láyé pátápátá, ọdún 2011 ni wọ́n kéde rẹ̀. Àjẹsára ló lé e lọ. FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, àti WOAH, àjọ ìlera ẹran lágbàáyé, ti fi 2030 ṣe ọdún tí wọ́n fẹ́ kí kata náà tẹ̀ lé e.

Nígbà tí kata wọ Mòrókò lọ́dún 2008, wọn ò dúró kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gún tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo agbo ẹran jákèjádò orílẹ̀-èdè ni wọ́n gún, ó lé ní mílíọ̀nù 20 ewúrẹ́ àti àgùntàn, ó sì dáwọ́ dúró. Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí, ìyá. Bí ẹ bá gún ti ilé yín nìkan, kata á ṣì máa jà yí yín ká, á sì máa dúró de ọmọ tí ẹran yín bá bí. Àdúgbò ló yẹ kó gún un pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ní oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹran Kérésì tó máa wọlé.

Ẹ fún wọn ní oògùn aràn bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹran tí aràn ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tó jẹ́ èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan ló ń jẹ, kò ní ohun tí ara rẹ̀ fi máa ṣe agbára tí à ń wí yìí. Ẹ fi ewé ẹ̀wà tàbí koríko tútù kún un. Ẹran tí ara rẹ̀ bá gbóná lọ́jọ́ náà, ẹ má gún un.

Ìyá Ẹlẹ́ran (Ìsẹ́yìn)

Dókítà, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo ti ka ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ìyá àgbà sétí ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọn ò tíì gbà, ṣùgbọ́n wọn ò bínú.

Àwọn abo tí mo rà, mo ti so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ́tọ̀ látàná, bí Bàbá Àgbò ṣe wí.

Ohun tó kù ni ti owó. Wọ́n sọ fún mi pé ìgò kan máa ń tó ẹran 50 tàbí 100, pé wọn kì í tìtorí ẹran márùn-ún ṣí i. Àti pé ẹni tó ni ẹran àgbàsìn, Èkó ló ń gbé. Mo pè é, ó ní iṣẹ́ èmi tí mò ń sìn ín ni kí n tọ́jú rẹ̀, pé kí n sanwó abẹ́rẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí? Ṣé ó burú bí wọ́n bá gún èyí tó lóyún?

Àkànní (Igbó-Ọrà)

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa ṣe ṣe é ládùúgbò wa.

Ọ̀rọ̀ ìgò yẹn ló dá wa dúró lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin kan mú ìwé ìkọ̀wé, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kọ iye ẹran tó wà nínú agbolé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà la tó rí i pé ẹran wa ju ìgò kan lọ. A pín owó náà sórí ẹran, iye ẹran tó o bá ní ni wàá fi sanwó. Ìmáàmù kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni pé kí kálukú so ẹran rẹ̀ mọ́lẹ̀ láṣàálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà. Ewúrẹ́ tó bá ti jáde láàárọ̀, ta ló fẹ́ sáré mú un?

Ìyá arúgbó kan wà tí kò lówó. Àwọn ọ̀dọ́ ló san tirẹ̀, torí ẹran tí wọn kò bá gún láàárín àdúgbò lè kó bá ọmọ ẹran gbogbo wa. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn.

Dókítà tó wá náà pààrọ̀ abẹ́rẹ́ fún ẹran kọ̀ọ̀kan. Ìṣù owú kékeré kan wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi í kun ọ̀dà pupa sórí ìwo èyí tí wọ́n bá ti gún, kí wọ́n má bàa gún ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n sì fo òmíràn.

Ní ti àgbàsìn: bí a ṣe ń pín ọmọ ni àwa ṣe ń pín owó. Tó bá jẹ́ pé olówó ẹran máa mú ọmọ kan, kí olùsìn mú ọmọ kan, ìdajì owó abẹ́rẹ́ ló wà lọ́rùn ẹni tó ni ín. Tí ẹran bá kú, ṣebí tiẹ̀ náà ló kú. Ẹ fi bẹ́ẹ̀ sọ fún un pẹ̀lú pẹ̀lẹ́tù. Ẹni tó wà l'Èkó ò rí ikun àti egbò tí ẹ rí.

Dókítà Ẹran (Ṣakí)

Àkànní, ẹ ṣeun gan-an ni. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìyá, ti olóyún: àjẹsára yìí kì í ba oyún jẹ́, ẹ gún un. Ohun tó lè ba oyún jẹ́ ni bí wọ́n bá ń lé e kiri, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fà á, tí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ nínú oòrùn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dì í mú ní ìdúró, kí wọ́n gún un sábẹ́ awọ ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn tàbí ẹ̀yìn èjìká, mìlílítà 1 péré ni. Tó bá bímọ, ẹ rí i dájú pé ọmọ mu ọmú ní wákàtí àkọ́kọ́, kódà bí ẹ̀yin ni ẹ máa gbé ẹnu rẹ̀ sí i.

Àwọn ìwádìí fi hàn pé abẹ́rẹ́ kan ń dáàbò bo ẹran fún ọdún 3 ó kéré tán. Nítorí náà kì í ṣe àwọn àgbà kan náà la tún ń padà wá gún lọ́dọọdún bí kò ṣe àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà yẹn àti èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ìwé tí ọmọkùnrin Igbó-Ọrà yẹn kọ, ẹ̀yin náà ẹ ní irú rẹ̀.

Bí ẹran bá tún dùbúlẹ̀ pẹ̀lú egbò ẹnu kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ má tà á, ẹ má sì gbé e lọ sọ́jà. Ẹ pe ọ́fíìsì àwọn oníṣègùn ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí wọ́n wá gba ohun tí wọ́n máa fi ṣe àyẹ̀wò, torí àrùn mìíràn wà tó ń ba ẹnu ewúrẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe kata. Ọ̀dọ̀ àwọn náà ni kí ẹ ti béèrè àjẹsára, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri. Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau ni wọ́n ti ń ṣe é, ní iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tó ti wà láti 1924.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹran àdúgbò láti ọ̀sẹ̀ yìí. Tí ẹ bá ti kà á tán, ẹ kọ iye rẹ̀ síbí, kí n bá yín ṣírò ìgò àti omi tí wọ́n máa fi pò ó. Kí ẹ sì bá mi kí ìyá ọkọ yín. Ẹ ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kan yìnyín inú kúlà kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹran.